Páálí Kan Dé sí Ògìdì

Oṣù méje ni páálí náà fi rìn.
Ó sùn ní Lọ́kọ́ja títí òjò fi jẹ ẹ́ létí,
kí ọlọ́kadà kan, ọmọ Ìyàrà, tó gbé e wá.
"Okun o, Tíṣà. Ṣé òkúta ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín ni?"
Ìwé ni.
Abọ́sẹ̀dé àbúrò mi ló kó o ránṣẹ́ láti Katimandú,
níbi tó ti lọ ṣe nọ́ọ̀sì ọdún méjì,
tó sì di akẹ́kọ̀ọ́ èdè àwọn ará Tíbẹ́ẹ̀tì fún mọ́kànlá.

Ìwé atúmọ̀ èdè mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo bí ọmọ ọdún kan.
Àwòrán ilẹ̀ tí òkè pọ̀ lórí rẹ̀ ju ìlú lọ.
Ohùn àwọn àgbà nínú ike pẹlẹbẹ
tí kò sí ẹ̀rọ tó lè mú un sọ̀rọ̀ mọ́ nílùú yìí.
Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ìwé gbọọrọ kan
tí wọn kò rán, tí wọn kò lẹ̀:
ewé lórí ewé láàárín pákó méjì.
Aṣọ pupa ni wọ́n fi dì í.

Màmá na ọwọ́. Ojú rẹ̀ ti lọ, àmọ́ ìka rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ahunṣọ.
Ó tọ etí aṣọ náà, ó ka òwú,
ó bi mí pé àwọ̀ wo ni.
Mo ní pupa.
Ó mí kanlẹ̀. "Ta ló kú?"
Nítorí ní Bùnú, níbi tí wọ́n ti bí i,
irú aṣọ pupa bẹ́ẹ̀ kì í rìn kiri lásán,
àgbà tó ń relé ni í tẹ̀lé.
Mo ka lẹ́tà Abọ́sẹ̀dé sí i létí:
kò sẹ́ni tó kú, wọ́n máa ń wọ ìwé láṣọ níbẹ̀,
wọ́n á sì gbé e kan orí kí wọ́n tó tú u.
Màmá ní: "Wọ́n lẹ́kọ̀ọ́."

Lálẹ́, mo ṣí ìwé atúmọ̀.
Lẹ́tà wọn àkọ́kọ́ ni ka.
Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò kọ́ ọmọ Yorùbá ní ka?
Òkè ni wọ́n ń pè ní ri:
mo gbójú sókè lójú fèrèsé, mo rí i,
àpáta Ògìdì, dúdú, ó ń dán lẹ́yìn òjò.
Ènìyàn ni wọ́n ń pè ní mi.
Èyí, n kò mọ ohun tí mo lè fi ṣe,
mo kàn ń tún un pè, mi, mi,
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀.

Bí mo ti ń lọ síwájú ni wàhálà dé.
Wọ́n á to lẹ́tà márùn-ún jọ,
wọ́n á pe méjì péré.
Abọ́sẹ̀dé ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sétí ewé:
"Ẹ̀gbọ́n, bí àwọn baba ńlá wọn ṣe ń pè é ni wọ́n ṣì ń kọ ọ́.
Ẹnu ti gbàgbé, ọwọ́ kò gbàgbé."
Mo pa ìwé dé.
Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní Yorùbá ní Kàbà,
tí mò ń fi báírò pupa fagi lé ọ̀rọ̀ ìyá mi
nínú ìwé ọmọ ọlọ́mọ:
"A kì í sọ bẹ́ẹ̀."
A máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Nílé, lóko, nígbà tí inú bá ń bí wa.
Àwọn ń kọ ohun tí wọn kò pè mọ́;
àwa ń pe ohun tí a kò kọ.

Lọ́jọ́ kejì mo ra ìwé olójú-ewé ọgọ́rin, mo jókòó ti Màmá.
Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ara òfì.
Ó pe igi tó ń ya òwú sọ́tọ̀, mo kọ ọ́.
Ó pe òwú tó bá já kó tó dé ọwọ́, mo kọ ọ́.
Ó wá pe orúkọ ariwo tí òfì máa ń pa ní àfẹ̀mọ́júmọ́
nígbà tí ilé ṣì sùn.
Ohùn náà gòkè, ó yà, ó gba imú jáde,
kò sí àmì tí mo mọ̀ tó lè gbé e.
"Ṣé o ti kọ ọ́?"
Mo ní ó kù díẹ̀.
Mo fi àyè sílẹ̀, ìlà kan gbáko,
mo sì ń wá aṣọ tí n ó fi dì í.